Iyára Ló Ń Ya Ojú Irin: Ìrírí Mi Nínú Yíya Coaster Tó Jọ Ojúlówó

Bí coaster inú géèmù, ìyẹn ọkọ̀ orí irin tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́, kò bá jọ ti òótọ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, kì í sábà jẹ́ àwọ̀ rẹ̀ tàbí àwọn igi tó yí i ká ló fà á. Ojú irin ni. Ẹni tó yà á ti kọ́kọ́ fi ojú yan ìrísí tó wù ú, òkè gíga kan, loop kan (ibi tí irin ti ń yí po tí èrò á fi dorí kodò), kọ́nà kan, kó tó gbé ọkọ̀ sórí rẹ̀ láti wò ó bóyá yóò kọjá. Òdìkejì ni àwọn tó ń ṣe coaster gidi máa ń ṣe. Wọ́n mọ bí ọkọ̀ ṣe máa yára tó níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí èrò mọ̀ lára níbẹ̀, ìrísí irin á wá jáde láti inú méjèèjì. Ohun tí mo rí kọ́ nídìí àwọn géèmù tí à ń fi kọ́ coaster, ìyẹn RollerCoaster Tycoon, Planet Coaster, Parkitect àti NoLimits 2 kò jù báyìí lọ: ẹ mọ iyára kí ẹ tó ya irin.

Ìṣirò iyára kò le rárá. Ẹ mú iye mítà tí ọkọ̀ ti já bọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 19.62, kí ẹ tẹ àmì √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Ohun tó bá jáde ni iye mítà tí ọkọ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6. Ìsọ̀kalẹ̀ mítà 30 á fún yín ní 24.3, ìyẹn kìlómítà 87 ní wákàtí. Mítà 50 á fún yín ní 31.3, ìyẹn kìlómítà 113. Ẹ kíyè sí i pé kí iyára tó lè di ìlọ́po méjì, gíga gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Láti ìsinsìnyí lọ, bí mo bá ní “iyára 20” tàbí “iyára 30”, mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo ń sọ.

Ẹ lè fi coaster gidi dán ìṣirò yìí wò. Millennium Force, tí ilé iṣẹ́ Intamin kọ́ fún ọgbà ìgbafẹ́ Cedar Point ní Ohio ní ọdún 2000, já bọ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 300, tó jẹ́ nǹkan bí mítà 91. Ìṣirò ní kó sá kìlómítà 152 ní wákàtí. Iye tí wọ́n ń pè é ni 150. Ní ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí atẹ́gùn àti táyà ń jẹ kò pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àdánù ń kó jọ, géèmù kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń yọ tirẹ̀. Nítorí náà, n kì í ya gbogbo irin tán kí n tó dán an wò. Mo máa ń kọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́, mo máa ń rán ọkọ̀ lọ, mo máa ń kọ iyára tí géèmù fi hàn sílẹ̀, kí n tó ya òkè kejì. Iyára orí òkè kejì ni mo fi ń ya òkè kẹta. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ó sàn ju kí èèyàn wó ìdajì irin lọ.

Ìsàlẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ ni irin inú géèmù ti máa ń bàjẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń yára jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ti máa ń fún irin pọ̀ kó má baà gba àyè. Agbára tó ń tẹ èrò mọ́ àga ni à ń fi g kà. 1 g ni ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan. Ní 4 g, ẹni tó wúwo 70 kílò á máa tẹ àga bíi pé 280 kílò ni. Láti mọ rédíọ̀sì tó yẹ, ìyẹn bí irin tó tẹ̀ ṣe jìnnà tó sí àárín òbìrípo rẹ̀, ẹ fi iyára sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 9.81 pín in, kí ẹ wá yọ 1 kúrò nínú iye g tí ẹ fẹ́, kí ẹ fi ohun tó kù pín èsì náà. Ní iyára 30, bí ẹ bá fẹ́ 4 g, rédíọ̀sì gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí mítà 31. Ní iyára 20, mítà 14 ti tó. Iyára dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta, rédíọ̀sì sì dín ju ìdajì lọ. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ coaster ńlá fi máa ń fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí àwọn kọ́nà ìparí rẹ̀ sì máa ń há. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo òkè yín dọ́gba, iyára kò ní gbà fún yín.

Iye g tí ara lè gbà sinmi lé bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn ìlànà tí ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, bíi ASTM F2291 ní Amẹ́ríkà àti EN 13814 ní Yúróòpù, fàyè gba g tó ga fún ìgbà kúkúrú, wọ́n sì ń dín in kù bó bá ṣe ń pẹ́ sí i. Ní tèmi, 3.5 sí 4.5 g ni mo ń fi sí ìsàlẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Helix, ìyẹn kọ́nà tó ń yí po léraléra fún ìgbà pípẹ́, n kì í jẹ́ kó kọjá 3 g, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń kúrò ní orí èrò ní gbogbo àkókò yẹn.

Rédíọ̀sì nìkan kò tó ṣá. Bí irin tó ń lọ tààrà bá pàdé òbìrípo lójijì, g á fò láti 1 sí 4 lẹ́ẹ̀kan náà, ọrùn èrò á sì gbọ̀n. Nínú géèmù ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ẹ ó rí i bí ẹ bá jókòó sí iwájú ọkọ̀ tí ẹ ń wò: ojú ìran á ṣẹ́ bíi pé irin náà kán. Irin gidi máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tá a fi dé ibi tó ti há jù, kó tó tún tú díẹ̀díẹ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni mo kà sí àkókò tó kéré jù fún ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ní iyára 30, ìyẹn mítà 15 ti irin ní àbáwọlé, àti mítà 15 mìíràn ní àbájáde. Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó pín ilẹ̀ fún ohunkóhun.

Orí òkè ni airtime wà, ìyẹn ìgbà tí ìdí èrò bá gbéra kúrò lórí àga, mo sì gbà pé òun ló yẹ kí èèyàn fi ìfẹ́ yà jù nínú gbogbo coaster. Ìṣirò rẹ̀ sún mọ́ ti ìsàlẹ̀: ẹ fi iyára orí òkè sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 9.81 àti rédíọ̀sì pín in, kí ẹ wá yọ èsì náà kúrò nínú 1. Ní iyára 15, rédíọ̀sì mítà 23 á fún èrò ní 0 g, á kàn máa léfòó. Mítà 15 á fún un ní −0.5 g, ìkọ́ àga á ti máa dì í mú. Mítà 11.5 á gbé e dé −1 g, irú agbára tí àwọn coaster ilé iṣẹ́ RMC fi gbajúmọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí òkè náà má ṣe jẹ́ ààbọ̀ òbìrípo. Ọ̀nà tí òkò tá a jù síwájú ń gbà nínú afẹ́fẹ́ ni irin gbọ́dọ̀ tọ̀, torí ọ̀nà yẹn ni ara èrò fúnra rẹ̀ ìbá gbà bí àga kò bá sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí èrò léfòó fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ní iyára 15, apá òkè yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 30, kí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì sì fi nǹkan bí mítà 4.9 rẹlẹ̀ ju ṣóńṣó lọ. Bí ẹ bá wọn òkè yín tó sì jẹ́ mítà 12 péré, airtime ibẹ̀ kò lè ju kó ta èrò nípàá kan lọ.

Kọ́nà wá jẹ́ ọ̀rọ̀ títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igun tí irin gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú díwọ̀n. Ẹ fi iyára sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 9.81 àti rédíọ̀sì kọ́nà pín in, kí ẹ tẹ tan⁻¹. Fún kọ́nà tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mítà 25, iyára 15 fẹ́ dígíríì 43, iyára 20 fẹ́ 58 tàbí 59, iyára 25 sì fẹ́ nǹkan bí 69. Ní iyára 20 yẹn, gbogbo agbára tó ń tẹ èrò á jẹ́ 1.9 g, tààrà sínú àga, kò sí èyí tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí igun bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, èjìká èrò á lu ẹ̀gbẹ́ àga lóde. Bó bá pọ̀ jù, á ṣubú síhà inú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ kò burú, àwọn coaster onígi àtijọ́ kún fún un, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n dùn. Lórí coaster onírin ti òde òní, n kì í jẹ́ kó kọjá 0.3 g sí ẹ̀gbẹ́ kankan.

Ibi tí irin ń yí ká nígbà tó bá ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tún wà níbẹ̀, èyí ni mo kà sí ohun tó tóbi jù nínú ìrísí coaster òde òní. Bí ojú irin bá yí dígíríì 90 lórí ara rẹ̀, tí àyà èrò sì ga tó mítà 1.1 sí irin, àyà yẹn á rin ju mítà 1.7 lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ti ju èrò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn, orí rẹ̀ tiẹ̀ jìnnà ju àyà lọ. Nítorí náà, irin gbọ́dọ̀ yí ká àyà èrò: àyà á máa lọ tààrà, irin ló máa yà kúrò ní ọ̀nà rẹ̀. Ìlà àyà yẹn ni wọ́n ń pè ní heartline, Werner Stengel, ẹnjiníà ará Jámánì, ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ lílò rẹ̀. Ohun tí èyí ń sọ fún ojú yín ni pé bí coaster bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, irin rẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ̀ sósì díẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré yẹn lójú, ẹ ó máa wá a nínú gbogbo àwòrán coaster tí ẹ bá rí. Nínú NoLimits 2, ẹ lè sọ gíga heartline fún sọ́fítíwíà, òun á ṣe ìyókù. Nínú géèmù tí kò bá ní in, ẹ fi ọwọ́ sún irin sí òdìkejì kọ́nà ní àbáwọlé, ó sábà máa ń kù díẹ̀ kó tó mítà kan, ojú á sì rí ìyàtọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti yíyà gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i pa pọ̀. Bí irin bá ti tẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yà, èrò á rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán. RollerCoaster Tycoon ti 1999 àti ìkejì rẹ̀ ti 2002 kò fún wa láyè èyí, torí pé ègé irin tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ń lọ tààrà, igun kan ṣoṣo ló sì wà fún kọ́nà tó tẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ ni pé iyára ni mo ń mú bá igun mu dípò kí n mú igun bá iyára mu: kọ́nà ńlá fún ibi tí ọkọ̀ ti ń yára, kọ́nà kékeré fún ibi tó ti rọlẹ̀, kí n sì gbé ibi tí irin ti ń tẹ̀ sí orí òkè kékeré, níbi tí iyára ti kéré jù.

Loop ni ẹ̀rí tó dára jù pé iyára ló ń ya irin. Ní ọdún 1895, Flip Flap Railway ní Coney Island lo loop tó jẹ́ òbìrípo pátápátá, ó sì ń ṣe èrò léṣe lọ́rùn. Ìdí rẹ̀ ṣeé ṣírò. Bí ọkọ̀ bá wọ loop ní iyára 25, tí loop náà ga ní mítà 22 tó sì jẹ́ òbìrípo, rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 11, èrò á gba 6.8 g ní àbáwọlé. Bí ẹ bá fi rédíọ̀sì mítà 21 sí ìsàlẹ̀, tí ẹ jẹ́ kó máa há bó ṣe ń gòkè títí tó fi di mítà 8 lórí, 4 g ni ìsàlẹ̀ á jẹ́, iyára òkè á jẹ́ nǹkan bí 14, èrò á sì gba 1.5 g ní ibi tí orí rẹ̀ ti dorí kodò. Gíga kan náà, ọkọ̀ kan náà. Ìrísí omijé yìí, tó ń lo ìlà clothoid (ìlà tó ń há díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ), ni Stengel àti Anton Schwarzkopf, tó ń kọ́ coaster, fi kọ́ Revolution ní Six Flags Magic Mountain ní ọdún 1976. Bí géèmù yín bá ní loop tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ẹ wo iyára tó fẹ́ kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá na án ga láìfẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti dá 1895 padà.

Nípa irinṣẹ́ géèmù kọ̀ọ̀kan, n kò ní sọ púpọ̀. Nínú Planet Coaster, ègé irin kúkúrú púpọ̀ ń bí ìdìpọ̀ igun. Ẹ lo ègé gígùn díẹ̀, kí ẹ mú ègé mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá ń lo irinṣẹ́ smooth, tó ń mú irin dán. Bí ẹ bá mú gbogbo irin lẹ́ẹ̀kan tí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, gbogbo òkè á sọ ìrísí rẹ̀ nù, airtime á sì bá a lọ. Ìgbà méjì ló pọ̀ jù. Nínú NoLimits 2, vertex (àmì tó ń darí ọ̀nà irin) díẹ̀ tó wà níbi tó tọ́ sàn ju ọ̀pọ̀ lọ. Òkè kan kò nílò ju mẹ́ta sí márùn-ún. Roll point, àmì tó ń sọ bí irin ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, dá dúró lára vertex níbẹ̀, nítorí náà ẹ parí ọ̀nà irin ná kí ẹ tó fọwọ́ kan títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ iye g tààrà, kí sọ́fítíwíà sì ya irin fún un, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ FVD++ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè gbé irin náà wọ NoLimits 2.

Ẹ yan ilé iṣẹ́ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Irin ilé iṣẹ́ Arrow ti àwọn ọdún 1970, irú Corkscrew tó ṣí ní Knott's Berry Farm ní 1975, máa ń ṣẹ́ wọ kọ́nà lójijì, ìrísí tó dan kò bá a mu rárá. Bolliger & Mabillard, B&M, ará Switzerland, máa ń yí ká pẹ̀lẹ́, òkè wọn fẹ̀, airtime wọn jẹ́ ti ìléfòó. Intamin a máa yára yí padà. RMC a máa fi òkè kékeré púpọ̀ tò tẹ̀ léra wọn, tí díẹ̀ nínú wọn tẹ̀ síta, òdìkejì kọ́nà. Bí ẹ bá lo irin B&M tí ẹ fi −1.5 g sí gbogbo orí òkè, kò sí ọ̀ṣọ́ tó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Bíréèkì àti block ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sílẹ̀ dé ìparí, ìgbà yẹn àyè kò sì ní sí mọ́. Block ni abala irin tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìpẹ̀kun rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè dá ọkọ̀ dúró pátápátá kó tún lè tú u sílẹ̀. Iye ọkọ̀ fi ọ̀kan dín sí iye block: ibùdó, òkè ṣéènì (òkè tí ṣéènì ń fa ọkọ̀ gùn), bíréèkì àárín ọ̀nà àti bíréèkì ìparí jẹ́ mẹ́rin, ọkọ̀ mẹ́ta ló lè rìn. Ìwọ̀nyí ló ń sọ iye èrò. Ọkọ̀ oníjòkòó 32 tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 75 síra wọn á gbé 1,536 ní wákàtí kan. Àmọ́ ẹ wo òkè ṣéènì: bó bá ga ní mítà 45, tó dagun ní dígíríì 27, irin rẹ̀ gùn ní mítà 99, ní iyára 2.5, ọkọ̀ á lo ìṣẹ́jú àáyá 40 lórí rẹ̀. Bí irin láti ibùdó dé ẹsẹ̀ òkè náà bá tún gùn, tó ń falẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 75 yẹn ti ń bọ́ lọ́wọ́ yín.

Bíréèkì àárín ọ̀nà ló ní ìdánwò tí mo kà sí dandan. Lójoojúmọ́, ọkọ̀ á kàn gba ibẹ̀ kọjá, bóyá kí iyára rẹ̀ dín díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ iwájú bá pẹ́, yóò dúró níbẹ̀ pátápátá, láti iyára òdo ló sì gbọ́dọ̀ ti parí ìrìn àjò. Nítorí náà gbogbo òkè tó wà lẹ́yìn bíréèkì náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ pẹ̀lú àyè tó pọ̀, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo sì lè kọjá lórí wọn pẹ̀lú iyára tí kò dín sí 5 tàbí 6. Mo máa ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ nínú géèmù, kí n tú u sílẹ̀, kí n wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Loop tó wà lẹ́yìn bíréèkì náà gbọ́dọ̀ dára ní iyára méjèèjì, ti ọkọ̀ tó kọjá tààrà àti ti ọkọ̀ tó dúró. Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé loop náà ṣíwájú bíréèkì.

Bíréèkì mágínẹ́ẹ̀tì kò lè dá ọkọ̀ dúró pátápátá fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń falẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, títí dé òdo. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì ìparí gidi fi ní apá méjì: mágínẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ iyára, lẹ́yìn náà bíréèkì tó ń fún irin mú tàbí táyà tó ń darí ọkọ̀, tó sì gùn ju ọkọ̀ kan lọ. Láti iyára 18, bí ọkọ̀ bá ń dín iyára kù ní nǹkan bí ìdajì g, apá àkọ́kọ́ nìkan fẹ́ mítà 32 tàbí 33. Ẹ jẹ́ kí apá kejì dagun díẹ̀ sílẹ̀ síhà ibùdó, kí ọkọ̀ lè ṣí fúnra rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géèmù RollerCoaster Tycoon 2, ẹ fi bíréèkì tó ń dín iyára kù sí iwájú ibùdó. Bí bíréèkì ibùdó bá bàjẹ́ lójijì, tí ẹ kò sì lo ìlànà block, ọkọ̀ tó ń bọ̀ á kọ lu èyí tó dúró, èrò á sì kú.

Coaster tí mágínẹ́ẹ̀tì ń tì síwájú dípò òkè ṣéènì náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Láti dé iyára 28, tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 100 ní wákàtí, pẹ̀lú ìtìsíwájú 0.8 g, irin tààrà mítà 50 ni ẹ nílò, á sì gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ààbọ̀. Kìkì iyára yẹn lè gbé ọkọ̀ dé mítà 40, ẹ má sì ya òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ gan-an, torí àdánù. Bí géèmù bá gbà yín láyè láti dé 100 láàárín mítà 15, ẹ má gbà á. Kingda Ka, tó ṣí ní New Jersey ní 2005 tí wọ́n sì pa tì ní 2024, tí ẹ̀rọ hydraulic ń tì dípò mágínẹ́ẹ̀tì, tó sì wà lára èyí tó lágbára jù láyé nígbà yẹn, ń dé kìlómítà 206 ní wákàtí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3.5, ìyẹn kò tó 1.7 g.

Òpó gbọ́dọ̀ dúró síbi tí agbára wà. Ní ìsàlẹ̀ tó gba 4 g, ẹ jẹ́ kí òpó sún mọ́ra; ní orí òkè tó ń léfòó, wọ́n lè jìnnà síra. Ní kọ́nà, òpó tó fi ẹsẹ̀ tì gbọ́dọ̀ wà ní ìhà òde, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń ti irin sí. Òpó kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán ní abẹ́ kọ́nà tó tẹ̀ ní dígíríì 70 kò lè gbé nǹkan kan. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú: ẹsẹ̀ òpó kò lè dúró sí àárín ọ̀nà àlejò, kò sì lè la irin mìíràn kọjá. Àyè tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èrò lè nà dé gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí coaster bá jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ ń fì nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ni kí ẹ wọ̀n. NoLimits 2 ní irinṣẹ́ tó ń dán èyí wò. Nínú Planet Coaster, bí ẹ bá ti pa ìdènà ìkọlura, ojú yín nìkan ló kù.

Àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ṣéènì, pèpéle ìrìn sì gbọ́dọ̀ wà níbi gbogbo tí ọkọ̀ ti lè dúró, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó èrò sọ̀kalẹ̀. Ẹ kọ́ ilé tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ sí pẹ̀lú irin tó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín bíréèkì ìparí àti ibùdó. Nǹkan díẹ̀ ló ń sọ fún ojú pé àwọn òṣìṣẹ́ ń lo coaster kan lóòótọ́ bí ilé yẹn.

Ilẹ̀ náà ń kọ́ni. Ní Alton Towers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ohun tó ga ju igi lọ, nítorí náà Nemesis, tí B&M kọ́ ní 1994, ń sá wọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Ẹ fún ara yín ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: gíga tí kò gbọdọ̀ kọjá, odò tí irin kò lè fẹsẹ̀ sí, ilé tó ti wà níbẹ̀. Ìrísí tó ń jáde láti inú ìdènà máa ń dára ju èyí tá a yà sórí pápá gbalasa.

Nípa iye tí géèmù ń fi hàn, ẹ kà á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ya irin fún yín. Nínú RollerCoaster Tycoon 2, bí g ẹ̀gbẹ́ bá kọjá 2.8, Intensity (ìwọ̀n bó ṣe le tó) á fò sókè, ọ̀pọ̀ àlejò kò sì ní gùn ún mọ́. Ìyẹn bá òótọ́ mu dé ìwọ̀n kan. Planet Coaster ń fi Excitement (ìdùnnú), Fear (ìbẹ̀rù) àti Nausea (èébì tó ń gbé èèyàn) hàn, ó sì lè kun irin náà ní àwọ̀ tó ń fi ibi tí agbára ti pọ̀ hàn. Àwọ̀ yẹn ni mo ń lò jù. Ibi tí àwọ̀ bá ti yí padà lójijì ni irin ti ṣẹ́, kódà bí ojú kò bá rí i.

Nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má jókòó sí ìlà iwájú nìkan. Gbogbo ara ọkọ̀ ló ń sá iyára kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan ń dé ibì kan náà ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ ń falẹ̀ jù nígbà tí àárín rẹ̀ bá wà lórí òkè, ó sì ń yára jù nígbà tí àárín rẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà ìlà àárín ló ń gba g tó pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀, òun náà ló ń gba airtime tó kéré jù lórí òkè. Ní ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́, iwájú á kọ́kọ́ rọ̀ lórí etí irin, ẹ̀yìn ni wọ́n á fà kọjá pẹ̀lú gbogbo iyára. Ẹ wọn rédíọ̀sì ìsàlẹ̀ láti ìlà àárín, ẹ wọn ṣóńṣó òkè láti ìlà ẹ̀yìn, kí ẹ sì tún un ṣe títí iye méjèèjì á fi wà láàárín ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ègé irin àkọ́kọ́ lélẹ̀.